Gọ́gù ìlúwẹ̀ẹ́ tó ń kọ nọ́ńbà sójú: bí a ṣe ń tò ó, bí a ṣe ń lò ó

Ẹja Àrọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará omi. Ọ̀rọ̀ gọ́gù olóye ni mo gbé wá, awò ojú ìlúwẹ̀ẹ́ tó máa ń kọ àkókò àti iye ìlọ (láti ògiri púùlù kan dé èkejì ni ìlọ kan) sójú èèyàn bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ lọ. FORM Smart Swim 2 là ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lò, ẹ jọ̀ọ́: báwo la ṣe ń tò ó ká tó wọ omi? Kí ló yẹ ká máa wò nínú gbogbo nọ́ńbà yẹn? Kí ló máa ń gbòdì, kí ló sì ń fà á? Púùlù òtẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ wa ń lò níbí, nítorí náà ẹ fi ti púùlù kúkurú kún un.

Kóòṣì Púùlù

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe, torí ibẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe ti ń wá. Ilé iṣẹ́ FORM, ní Vancouver ní Kánádà, ló ṣe é. Àkọ́kọ́ jáde ní 2019, Smart Swim 2 sì tẹ̀ lé e ní 2024. Ojú dígí kan ṣoṣo ni nọ́ńbà ti ń hàn, á dà bí ẹni pé ó ń léfòó níwájú yín nínú omi. Àpótí kékeré tó wà lẹ́bàá ojú ni ọpọlọ rẹ̀ wà, orí yín ló sì ń ṣọ́. Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ ti ògiri, tí orí yára lọ síwájú, ó mọ̀ pé ìlọ tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Bí orí bá ń yí díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí apá ṣe ń fa omi, ó ń ka ìfapá. Tí orí bá dúró, ó gbà pé ẹ ti kan ògiri, ẹ ń sinmi.

Kò rí ògiri o. Kò mọ bí púùlù ṣe gùn tó. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un, ohun tẹ́ ẹ bá sì sọ ló máa gbà gbọ́.

Nítorí náà ẹ má gba ẹnu mánẹ́jà òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ yá tépù 30 mítà lọ́wọ́ bíríkìlà, kí èèyàn méjì fà á le láti ògiri dé ògiri, ní ojú omi, lórí ìlà tí ẹ máa ń lúwẹ̀ẹ́ lé. Púùlù òtẹ́ẹ̀lì tí igun rẹ̀ tẹ̀, ìlà àárín lè gùn ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Ká ní púùlù jẹ́ mítà 18, tí ẹ wá tẹ 20 sínú áàpù gọ́gù lórí fóònù: ìlọ 50 á di mítà 1,000 lójú gọ́gù, bẹ́ẹ̀ mítà 900 lẹ lọ. Ìyára á parọ́ pẹ̀lú. Ẹni tó fi sẹ́kọ́ǹdì 24 lọ mítà 18, ìyára rẹ̀ jẹ́ 2:13 fún mítà 100. Gọ́gù á kọ 2:00 fún un, inú rẹ̀ á máa dùn lásán. Lọ́jọ́ tó bá dé púùlù 50 mítà ni òótọ́ á hàn.

Omi Tútù

Kóòṣì, ẹ ṣeun. Ẹ fi ti yáàdì kún un fún àwa tó wà lókè òkun. Ní Amẹ́ríkà, púùlù 25 yáàdì ló pọ̀ jù, mítà 22.86 nìyẹn. Ẹ gbàgbé, ẹ fi í sí 25 mítà, ìlọ 40 á kọ 1,000, bẹ́ẹ̀ mítà 914 péré ni. Ní London, Tooting Bec Lido jẹ́ yáàdì 100, ìyẹn mítà 91.44, irú ibẹ̀ yẹn ọwọ́ lẹ máa fi tẹ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ yẹ ìwọ̀n wò lójoojúmọ́ tí ẹ bá ń pààrọ̀ púùlù, torí ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ lánàá ló máa lò lónìí.

Ẹja Àrọ̀

Tí púùlù bá kéré débi pé áàpù kò gba ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́?

Kóòṣì Púùlù

Ẹ gbàgbé mítà níbẹ̀. Ẹ fi aago ṣe ìdánrawò: ìṣẹ́jú mẹ́ta lílọ bọ̀ láì dúró, ìṣẹ́jú kan ìsinmi, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni iye ìfapá láàárín ìṣẹ́jú kan àti bí ọkàn ṣe ń lù. Púùlù tí kò ju ìfapá mẹ́jọ lọ, ẹ kò tíì fapá dáadáa tí ògiri fi dé, gọ́gù náà kò sì ní rí àyè mọ irú ìlúwẹ̀ẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ẹni tó jẹ́ irú púùlù yẹn nìkan ló ní, kò yẹ kó fi owó ńlá ra gọ́gù yìí. Aago olówó pọ́ọ́kú tí omi kì í wọ̀, tí ẹ gbé sí etí púùlù, á tó o.

Ìyá Olómi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú àti imú, torí gọ́gù tó ń jò, kò sí nọ́ńbà tí èèyàn máa rí nínú ẹ̀.

Oríṣiríṣi afárá imú, ìyẹn èyí tó so dígí méjèèjì pọ̀ lórí imú, ló wà nínú páálí rẹ̀, ìwọ̀n wọn yàtọ̀ síra. Ẹ má kàn lo èyí tó wà lára rẹ̀. Ẹ gbé gọ́gù sójú láì fa okùn rọ́bà sẹ́yìn orí, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ojú fún sẹ́kọ́ǹdì méjì tàbí mẹ́ta kó tó já. Bí omi bá ń gba ìhà imú wọlé, afárá yẹn gùn jù, ẹ lo èyí tó kúrú sí i. Bó bá ń gba ìhà etí wọlé, tàbí tó ń fún imú, ó kúrú jù. Fífa okùn le kì í ṣe oògùn jíjò. Ṣe ló máa ń tẹ rọ́bà etí gọ́gù pọ̀ síbi kan tí á fi ṣí níbòmíràn, á sì fi orí fífọ́ kún un. Gọ́gù yìí wúwo díẹ̀ ju gọ́gù lásán lọ, àpótí rẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí náà ẹ jẹ́ kí okùn méjèèjì ya ara wọn lẹ́yìn orí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ dirun, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dàda: okùn kì í jókòó dáadáa lórí irun tó ga. Fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ ńlá ni kẹ́ ẹ lò, irú Soul Cap tí wọ́n kọ̀ fún Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021, tí wọ́n wá fọwọ́ sí ní 2022. Ẹ wọ fìlà tán, kí ẹ tó gbé okùn lé e, kí okùn wà nísàlẹ̀ ibi tí irun ti wú, kì í ṣe lórí rẹ̀. Bó bá wà lórí rẹ̀, á máa yọ́ gòkè, gọ́gù á sì máa tẹ́ sókè lójú yín, nọ́ńbà á wá dà bí èyí tó bọ́ sísàlẹ̀.

Òrí, àdí àgbọn, Vaseline: ẹ má fi kan agbègbè ojú kí ẹ tó wọ omi. Rọ́bà á máa yọ̀, ọ̀rá á sì bo dígí. Ìpéǹpéjú àfikún náà, bó bá gùn, á máa gbá dígí nínú, ibẹ̀ sì ni wọ́n fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ìkùukùu bò ó kùn.

Lórí ìkùukùu yẹn: ẹ má fi ìka, aṣọ ìnura, tàbí ọṣẹ kan inú dígí láé. Oògùn tí wọ́n fi kùn ún fẹ́lẹ́, ìka kan ṣoṣo ti tó láti họ ọ́. Ẹ da omi tútù mímọ́ sínú rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá jáde, ẹ tún fi omi mímọ́ ṣàn án, torí klóríìnì àti iyọ̀ ni wọ́n ń jẹ rọ́bà. Ẹ fi sí ibòji kó gbẹ. Ojú tó bá gbóná láti orí ilẹ̀ máa ń fa ìkùukùu: ẹ bọ́jú nínú omi lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gbé gọ́gù sí i.

Atúnfóònùṣe

Ìyá Olómi ti sọ ti omi, ẹ gba ti iná. Ẹ so ó mọ́ fóònù nílé, ẹ ṣáájì rẹ̀ kún, kí ẹ sì jẹ́ kó gba àtúnṣe tuntun parí kí ẹ tó jáde. Ìdánrawò tí ẹ bá yàn nínú áàpù, ẹ jẹ́ kó wọ inú gọ́gù nílé pẹ̀lú. Tó bá ti wọlé, fóònù lè wà nínú àpò, ẹ kò nílò rẹ̀ létí omi mọ́. Bluetooth kì í la omi kọjá ju bí ìka ọwọ́ díẹ̀ lọ, ẹ má retí pé á máa bá fóònù sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Ìlérí ilé iṣẹ́ ni pé bátìrì á lo wákàtí 14 bí gọ́gù bá ń ka ìlù ọkàn. Bátìrì á dínkù bó bá ń dàgbà, bó ṣe wà fún gbogbo ẹ̀rọ. Ohun tó ń tètè pa á ni ooru: bútù ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn lọ́sàn-án kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gbé e sí.

Wáyà ṣáájì rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn bí irin òòfà. Ẹ nu àwọn ojú irin kéékèèké yẹn gbẹ kí ẹ tó fi wáyà lé e. Bó bá tutù, tí iná wọ̀ ọ́, á máa dípẹtà, á di àwọ̀ ewé, bó bá yá kò ní gba iná mọ́. Ẹ fi òwú etí tó tutù díẹ̀ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ohun kan tó máa ń da èèyàn láàmú: pawabáǹkì. Iná tí gọ́gù ń fà kéré, ọ̀pọ̀ pawabáǹkì á rò pé kò sí nǹkan kan lára òun, á pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ jí láàárọ̀, ẹ ò ní bá a pé ó kún. Ẹ fi sára kọ̀ǹpútà, tàbí kí ẹ so fóònù mọ́ pawabáǹkì náà lẹ́ẹ̀kan náà kó má bàa sùn.

Ẹja Àrọ̀

Ẹ ṣé gan-an. Ojú wo ni kí nọ́ńbà wà, ọ̀tún tàbí òsì?

Kóòṣì Púùlù

Ojú tó lágbára jù. Ẹ na àtàǹpàkò sí ohun kan lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ fi ojú méjèèjì wò ó, kí ẹ wá di ọ̀kan. Ojú tí ẹ bá ṣí, tí àtàǹpàkò kò sì kúrò níbi tó wà, òun ni.

Omi Tútù

Kóòṣì, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Ẹni tó ń mí sí ọ̀tún nìkan, ojú ọ̀tún rẹ̀ máa ń jáde sínú ìmọ́lẹ̀ nígbàkígbà tó bá mí, nọ́ńbà á sì rẹ̀ nínú oòrùn. Bó bá wà ní ojú òsì, inú omi ló máa wà. Ní púùlù gbangba tí oòrùn ń pa, èyí ṣe pàtàkì ju ojú tó lágbára lọ.

Kóòṣì Púùlù

Mo gbà fún púùlù gbangba. Fún púùlù abẹ́ òrùlé, ẹ tẹ̀ lé ojú tó lágbára. Ẹ yí gọ́gù kí òkè rẹ̀ di ìsàlẹ̀, kí ẹ sì yan ojú náà nínú áàpù; ẹ lúwẹ̀ẹ́ mítà 200 pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó mọ èyí tó bá yín lára mu.

Ohun tó ṣe kókó ju ojú lọ ni orí. Nọ́ńbà wà níwájú, èèyàn á fẹ́ gbé orí sókè kó lè rí i. Bí orí bá gòkè, ìdí á rì, ẹsẹ̀ á wọlẹ̀, ẹ ó sì máa wọ́ omi lẹ́yìn. Gọ́gù kò ní kí ẹ gbé orí. Ẹ máa wo ilẹ̀ púùlù bó ṣe yẹ, kí ojú kàn gán-án-ní nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti ògiri. Ó tó. Ẹni tó ń wò ó ní gbogbo ìfapá, wíwò ló ń wò, kò lúwẹ̀ẹ́ mọ́.

Ẹ má kó nọ́ńbà jọ sójú. Fún oṣù àkọ́kọ́, ẹ fi mẹ́ta péré síbẹ̀: àkókò ìlọ tó kọjá, iye ìfapá fún ìlọ kan, àti àkókò ìsinmi. Ìsinmi ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń tan ara wọn jẹ. Wọ́n á ní àwọn sinmi sẹ́kọ́ǹdì 20, gọ́gù á kọ 47.

Ẹja Àrọ̀

SWOLF ńkọ́? Àwọn kan ní òun ni gbogbo rẹ̀.

Kóòṣì Púùlù

SWOLF ni sẹ́kọ́ǹdì àti ìfapá ìlọ kan tí wọ́n rò pọ̀. Ìfapá 22, sẹ́kọ́ǹdì 28, ó di 50. Ẹni gíga á ní kékeré, ẹni kúkurú á ní ńlá, nítorí náà ẹ má fi tiyín wé ti ẹlòmíràn, ẹ má sì fi ti púùlù 25 wé ti 50. Ẹ má fi wé ti aago ọwọ́ pàápàá: aago wà ní apá kan, ìyípo apá yẹn nìkan ló ń kà. Iye ìfapá lásán wúlò jù ú lọ. Bí ìlọ kìíní bá jẹ́ 20, tí ìkẹjọ di 24 ní ìyára kan náà, ìgbọ̀nwọ́ ti ń já sílẹ̀. Ẹ dúró, ẹ sinmi, kí ẹ tó máa fi àṣà búburú kọ́ ara.

Ẹ jẹ́ ká wá sí iṣẹ́ gan-an. Ẹ wá CSS yín, ìyẹn ìyára tí ẹ lè dì mú fún ìgbà pípẹ́. Mítà 400 ìmóoru jẹ́jẹ́, mítà 50 lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí ó ń yára sí i, lẹ́yìn náà mítà 400 pẹ̀lú gbogbo agbára. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ máa rìn tàbí kí ẹ máa lúwẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ wá ṣe mítà 200 pẹ̀lú gbogbo agbára. Ẹ yọ àkókò 200 kúrò nínú ti 400, ẹ pín in sí méjì. Àpẹẹrẹ: 400 ní 7:20, sẹ́kọ́ǹdì 440; 200 ní 3:24, sẹ́kọ́ǹdì 204. Ó ku 236, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 118, ìyẹn 1:58 fún mítà 100. Nínú púùlù 25, ìlọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ́kọ́ǹdì 29 ààbọ̀.

Ẹ wá ṣe mítà 100 lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ní 1:58, ìsinmi sẹ́kọ́ǹdì 20. Ibí ni gọ́gù ti ń sanwó ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń fi sẹ́kọ́ǹdì 26 lọ ìlọ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó wá kú sí ìkẹrin ní 33. Pẹ̀lú gọ́gù, ìlọ kan péré ni àṣìṣe yẹn máa gbà kó tó hàn síni. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́jọ yẹn, ẹ ṣe méjì tó gbẹ̀yìn láì wo ojú dígí. Ẹ sọ àkókò tí ẹ rò sínú ara yín kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá fi ju sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta ṣì í, ara yín kò tíì mọ ìyára náà, gọ́gù ló ṣì mọ̀ ọ́n.

Ẹja Àrọ̀

Wọ́n ní ó máa ń ka ìlọ ní àṣìkà. Ṣé òótọ́ ni?

Kóòṣì Púùlù

Òótọ́ ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ní ìdí nígbà gbogbo. Bí ẹ bá dúró láàárín púùlù torí ọmọdé tó kọjá níwájú yín, á gbà pé ẹ kan ògiri. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan ògiri tí ẹ sì padà láì ti í dáadáa, kò ní mọ̀ pé ẹ yí, á so ìlọ méjì pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tì í, kí ẹ na ara, kí ẹ yọ̀ fún mítà méjì kí apá tó bẹ̀rẹ̀. Pátákó ìtapá ẹsẹ̀, tí orí wà lókè omi, kò ní ìfapá kankan tí á kà. Fífi apá kan ṣoṣo lúwẹ̀ẹ́ náà máa ń dà á rú. Ẹ yàn án nínú ìdánrawò pé ẹsẹ̀ nìkan tàbí ẹ̀kọ́ ìfapá ni ẹ ń ṣe, á ka àkókò nìkan. Tí ẹ bá dé ògiri, ẹ jẹ́ kí orí dúró díẹ̀; ẹni tó ń yíjú kiri tó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ lè mú kí ìsinmi pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Omi Tútù

Ìlù ọkàn: ẹ̀gbẹ́ ojú ni Smart Swim 2 ti ń fi ìmọ́lẹ̀ kà á. Ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ, kò gbọdọ̀ sí irun tàbí etí fìlà láàárín. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá bá iye ìfapá yín fún ìṣẹ́jú kan dọ́gba rẹ́gí, ìmìtìtì orí ló ń kà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ògiri: ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ẹ ka sẹ́kọ́ǹdì 10, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà, 24 á jẹ́ 144. Ẹ má gbé ìwọ̀n tí ẹ fi ń sáré lórí ilẹ̀ wá sínú omi, torí ọkàn kì í sáábà lù tó bẹ́ẹ̀ nínú omi.

Òkun: ó ní kọ́ńpáàsì tó ń tọ́ni sọ́nà láì gbé orí léraléra. Irin ńlá, bíi ti ọkọ̀ ojú omi tàbí èbúté, lè ṣì í lọ́nà. Kò sì rí ọkọ̀, kò rí ìgbì. Ẹ ṣì gbé orí wò lẹ́yìn ìfapá mẹ́wàá, ẹ so bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ọsàn mọ́ ìdí, ẹ má dá nìkan lọ. Ní Èkó, Tarkwa Bay ní òkúta tó ń gba ìgbì dúró. Omi Elegushi kò ní, ó sì máa ń fa èèyàn lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo kọ́ńtáàtì lẹ́ńsì, awò kékeré tí wọ́n ń fi lé ẹyinjú, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó wọ omi, gọ́gù ì báà dára tó. Kòkòrò inú omi lè há sábẹ́ rẹ̀, kó sì ba ẹyinjú jẹ́.

Kóòṣì Púùlù

Ìdíje: òfin World Aquatics, àjọ tó ń darí ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé, kò gba ohun tó ń ran ìyára lọ́wọ́. Ẹ mú gọ́gù lásán lọ, kí ẹ sì fi í ṣe ìdánrawò ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kó má ṣàjèjì sójú.

Ẹja Àrọ̀

Ìbéèrè ìkẹyìn. Èèyàn méjì ha lè dá owó jọ ra ọ̀kan?

Ìyá Olómi

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ afárá imú yín lè má jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ ó máa tú u ní gbogbo ìgbà, ibẹ̀ á sì tètè rọ̀. Àkọsílẹ̀ yín náà á dà pọ̀ mọ́ra nínú áàpù. Ẹ tún wo iye tí wọ́n ń gbà lóṣù fún àwọn ìdánrawò inú rẹ̀ kí ẹ tó dá owó. Bí ẹ bá ṣì fẹ́, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án láàárín ẹni kìíní àti ìkejì, kó gbẹ tán. Nígbà tí Àpólò bá sì ń jà ní àdúgbò, kí oníkálukú padà sí gọ́gù tirẹ̀ títí ojú gbogbo yín á fi mọ́.